Dreama, Apá Òsì La Ṣì Ń Yí Sí

Ọdún mẹ́rin rèé tí o ti lọ, Dreama. Ọdún mẹ́rin gbáko! Ẹni tó bá rí mi lónìí, tí mo ń se ẹ̀wà fúnra mi, tí mo ń yan búrẹ́dì àgbàdo nínú páànù irin rẹ, á rò pé ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni mo ti mọ̀ ọ́n ṣe. Èyí tí mo kọ́kọ́ yan, mo jù ú sí ajá Opal, ọ̀rẹ́ rẹ. Ajá náà gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí lójú, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọdún mẹ́rin rèé, Ìyá Tonya, ilé wa ò sì dákẹ́. Mo mọ̀ pé ohun tí o máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn, torí o ò fẹ́ràn ilé tó bá dákẹ́ rárá. Rédíò ilé ìdáná ṣì ń kọrin láti àárọ̀. Mi ò tíì yí i kúrò níbi tí o yí i sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin tó ń ka ìròyìn níbẹ̀ máa ń bí mi nínú.

Tonya ti parí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé tí èmi pẹ̀lú rẹ jọ bẹ̀rẹ̀. Ó kùn ún ní àwọ̀ búlúù tí o fẹ́, èyí tí mo sọ nígbà yẹn pé ó jọ ilé oníṣègùn eyín. Ó ṣì jọ ọ́. Ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí báyìí, inú mi a sì máa dùn. Shelby, ọmọ Tonya, ti wọ yunifásítì ní Lexington, ẹ̀kọ́ nípa ẹṣin ló ń kọ́. Ẹṣin! Bàbá mi tó fi ẹṣin túlẹ̀ títí ó fi darúgbó, kò sẹ́ni tó fún un ní ìwé ẹ̀rí kankan.

Ọjọ́bọ̀ tí a fi ń jó ijó onílà náà ò yí padà. Àwọn panápaná ìlú wa, Caney Branch, ṣì ń wa ọkọ̀ wọn jáde síta ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kí gbọ̀ngàn wọn lè gbà wá. Àwọn obìnrin ṣì ń gbé ẹja díndín wá, wọ́n ṣì ń wọ bọ́ọ̀tù, wọ́n ṣì ń tò lórí ìlà, ojú gbogbo wọn sí ògiri kan náà. Èmi náà ṣì wà nídìí ẹ̀rọ orin. Orúnkún mi tí iṣẹ́ inú ihò èédú bà jẹ́ kò gbà kí n jó nígbà ayé rẹ, kò sì tíì yí èrò padà.

Dreama, ìwọ lo kó gbogbo wa sínú ijó yìí! Ṣé o rántí ìgbà oòrùn ọdún tí orin “Fi Ọkọ̀ Mi Sílẹ̀” jáde? Kò sí ibi téèyàn máa sá sí fún un. Nínú orin náà, ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé kó kó bẹ́ẹ̀dì lọ, kó kó ìkòkò lọ, kó tiẹ̀ mú ajá lọ, kó ṣáà fi píkọ́ọ̀pù sílẹ̀ fún òun. Wọ́n ń kọ ọ́ ní ilé onígbàjámọ̀, wọ́n ń kọ ọ́ ní ilé epo. Pásítọ̀ wa gan-an ń fi imú kọ ọ́ nígbà tó yẹ kó máa gbàdúrà, àwa tá a jókòó níwájú sì gbọ́ ọ.

Ijó rẹ̀ dé orí tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin kan tó dé àkẹtẹ̀ dúdú ló ń kọ́ni, ó kọjú sí ẹ, ìwọ náà kọjú sí i láàárín pálọ̀ wa. Apá ibi tó bá lọ ni ìwọ náà ń lọ. O ò ronú kàn án pé ẹni tó bá kọjú síni, ọ̀tún tiẹ̀ ni òsì tẹni. Gbogbo ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ di ẹsẹ̀ òsì fún ẹ, gbogbo ibi tó yí sí, òdìkejì rẹ̀ ni ìwọ yí sí. O kọ́ Opal, Opal kọ́ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn akọrin kọ́ ọkọ àti ọmọ wọn. Kí ìgbà òtútù tó dé, gbogbo Caney Branch ti mọ ijó náà jó, gbogbo wọn ló sì ń jó o sódì.

Lexington la ti mọ̀ pé òdì là ń jó o. A háyà bọ́ọ̀sì ilé ìwé lọ síbi ijó ńlá kan níbẹ̀, ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa, ẹ dúró láàárín èrò. Orin bẹ̀rẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, àwọn tiwa lọ sósì. Yéè! Èjìká Opal gbá àkẹtẹ̀ ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀, ọkùnrin náà sì ṣubú lé àkẹtẹ̀ ara rẹ̀. Olórin dá orin dúró kí ijó tó dé ibi tí wọ́n ti ń yí.

“Màdáàmù, ibo lẹ ń lọ?” Ọkùnrin yẹn ló ń bi ọ́ láti ilẹ̀.

O fọwọ́ lé ìbàdí. “Ibi tí orin ń lọ ni. Ẹ̀yin ńkọ́?”

Nígbà tí a ń padà bọ̀, gbogbo wọn dorí kodò nínú bọ́ọ̀sì. Ìwọ nìkan lo dìde dúró. O ní, “Ta ló kú? Kí àwọn náà wá sí Caney Branch wò, ká wo ẹni tó máa ṣubú!” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún dá a lábàá pé ká yí i padà. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà, òsì ni wọ́n bá, òsì ni wọ́n mọ̀.

Ó yẹ kí n sọ ti ọdún yìí fún ẹ wàyí. Orin yẹn tún jáde, Dreama! Ọmọdébìnrin kan ló tún un kọ, ó sì dorí ọ̀rọ̀ kodò: ìyàwó ló ní píkọ́ọ̀pù báyìí, ọkọ ló ń kẹ́rù jáde. Ká ní o gbọ́ ọ ni, ò bá rẹ́rìn-ín títí o máa fi jókòó sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń jó o níbi ìgbéyàwó, wọ́n ń jó o níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń gbé e sórí fóònù. Gbọ̀ngàn wa kún dé ẹnu ọ̀nà ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ọmọ tí bọ́ọ̀tù wọn ò tíì tẹ ìgbẹ́ màlúù rí dà bò wá. Tonya ló ń kọ́ wọn. Ohùn rẹ ló fi ń pariwo mọ́ wọn: “Ẹ gbẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sá sẹ́yìn yẹn, mo ń rí yín!”

Àwọn tó ń ṣètò àjọ̀dún ìkórè ní ìlú tó wà lẹ́yìn òkè gbọ́ nípa wa. Ọmọdébìnrin olórin yẹn fúnra rẹ̀ ń bọ̀, gbogbo èrò orí pápá máa jó ijó náà pa pọ̀, wọ́n sì fẹ́ kí Tonya àti àwọn tiwa wà láàárín, kí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lè máa wò wọ́n. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Kendra, tó ń bójú tó ijó fún wọn, wá wò wá ní Ọjọ́bọ̀ kan. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ orin mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà lọ.

“Ẹ gbìyànjú gan-an ni,” ó ní. “Àmọ́ òdì lẹ̀ ń jó o.”

“Òdì ta ni?” Opal ló bi í bẹ́ẹ̀.

“Òdì gbogbo ayé, Mà.”

“Kí gbogbo ayé lọ tún tiwọn ṣe nígbà náà!”

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú Tonya ti pọ́n. Ó ní àwọn máa kọ́ ọ̀tún, dandan ni. Òun lòun máa dúró lójú gbogbo èèyàn, òun ni wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù tí wọ́n bá tún kọ lu ara wọn. Opal ní bí wọ́n bá rí òun tí òun yí sọ́tùn-ún, kí wọ́n yáa gbé òun lọ sílé ìwòsàn, torí orí òun ti dàrú nìyẹn. Àwọn àgbà lọ sẹ́yìn Opal, àwọn ọmọ lọ sẹ́yìn Tonya. Gbogbo wọn wá kọjú sí mi.

“Hobert, bá ọmọ rẹ sọ̀rọ̀ o!”

“Dádì, ẹ sọ nǹkan kan.”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Aṣọ rẹ ti di ti ẹlòmíì. Òórùn rẹ ti kúrò lára ìrọ̀rí, mo ti gbóòórùn rẹ̀ títí. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀, tí orin bá dé ibi tí wọ́n ti ń yí, tí gbogbo wọn bá yí sósì lẹ́ẹ̀kan náà, àgbà wọn, ọmọdé wọn, ìwọ ni mo ń rí. Bó o ṣe máa ń fi èjìká ṣáájú ni wọ́n ń fi èjìká ṣáájú. Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá tún un ṣe, Dreama, kí ló tún kù fún mi láti máa wò?

Mo wo ojú Tonya, mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á. Mo bá ní, “Kọ́ wọn ní ọ̀tún, ọmọ mi. Kò ní bí màmá ẹ nínú.” Irọ́ pátápátá! Ì bá bí ẹ nínú gidigidi, mo sì mọ̀.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ni wọ́n lára! Opal ń yínmú bọ̀, ó ń jó bí ẹni tí wọ́n wọ bàtà ẹlòmíì fún. Nígbà tó yá, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ó mọ́ rekete, kò sẹ́ni tó kọsẹ̀. Kendra tún wá, ó pàtẹ́wọ́. Ní àwọn Ọjọ́bọ̀ yẹn, bí mo bá ti tẹ ẹ̀rọ tán, ilẹ̀ ni mo ń wò títí orin á fi parí.

Ọjọ́ àjọ̀dún pé. Oòrùn ràn, ẹja àrọ̀ ń ta sánsán nínú epo, àkẹtẹ̀ lo máa rí títí dé ìdí igi. Mo fara ti ọgbà. Tonya wà láàárín pẹ̀lú àwọn tiwa, ó ṣe irun rẹ̀ dáadáa, Opal wà lọ́tùn-ún rẹ̀. Ọmọdébìnrin olórin jáde, gìtá dún, gbogbo pápá hó. Mo gbọ́ tí Tonya fi gbogbo agbára kígbe pé, “Ọ̀tún o!”

Ọ̀tún lẹnu rẹ̀ sọ, Dreama. Òsì lẹsẹ̀ rẹ̀ gbé!

Àwọn tiwa ò sì tẹ̀ lé ẹnu rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé. Gbogbo wọn pátá! Èjìká pàdé èjìká, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tú sára èèyàn, mo gbọ́ ohùn Opal níbi kan tó ń pariwo pé, “Ẹ dákun o!” Mo ní a ti tún dé Lexington. Ṣùgbọ́n olórin yìí ò dúró, orin ń lọ, ibi tí wọ́n ti ń yí sì dé. Gbogbo pápá yí sọ́tùn-ún. Tiwa yí sósì.

Wọ́n bá dojú kọ ara wọn.

O mọ̀ pé ẹ̀yìn ẹlòmíì lèèyàn ń wò nínú ijó onílà, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lọ́jọ́ yẹn, ojú pàdé ojú. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan bá ara rẹ̀ níwájú Opal, ó bú sẹ́rìn-ín, Opal náà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n tún yí, gbogbo wọn sì kọjú sí apá kan náà. Wọ́n tún yí, wọ́n tún dojú kọ ara wọn, àwọn èèyàn ti na ọwọ́ sílẹ̀ dè wọ́n! Àwọn tó wà lẹ́yìn ń sá bọ̀ sáàárín kí àwọn náà lè rí ẹni dojú kọ. Kendra káwọ́ lérí. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó kó sínú ijó.

Ẹ̀rín ò jẹ́ kí olórin rí ìlà tó kẹ́yìn kọ. Ó fẹnu sí gbohùngbohùn, ó nawọ́ sí Tonya. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà láàárín, kí lẹ̀ ń pe ìyẹn?”

Irun Tonya ti tú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó wá ojú mi kiri títí ó fi rí mi níbi ọgbà. “Dreama,” ó ní. “Dreama la ń pè é!”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é báyìí. Àwọn kan á gba ọ̀tún, àwọn kan á gba òsì, tó bá ku díẹ̀ kí wọ́n yí, gbogbo wọn á pariwo orúkọ rẹ, wọ́n á sì dojú kọ ara wọn. Shelby ní àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹṣin ń jó o. Ó fi àwọn ará Texas hàn mí lórí fóònù rẹ̀, ó fi àwọn ará Australia hàn mí. Èèyàn tí o ò rí rí, Ìyá Tonya, lórí ilẹ̀ tí o ò tẹ̀ rí! Opal sì ti sọ fún gbogbo ẹni tó létí pé òun lòun gbà á là.

A ò gbàgbé rẹ. Tonya ò gbàgbé, Shelby ò gbàgbé, èmi ọkọ rẹ ò lè gbàgbé. A fẹ́ràn rẹ bí a ṣe fẹ́ràn rẹ nígbà tí o wà, àárò rẹ sì ń sọ wá pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rín tí à ń rín yìí. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo wà nídìí ẹ̀rọ orin, gbogbo gbọ̀ngàn pariwo “Dreama!” lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mọ̀ pé ijó ni wọ́n ń pè. Síbẹ̀, mo yíjú wo ẹnu ọ̀nà.