Èmi Kọ́ Ni Mo Tilẹ̀kùn Mọ́ Yín

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àbójútó agbo ilé láti ìgbà tí Bàbá ti re ibi àgbà ń rè. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti Lugbe ní Abuja níhìn-ín, ìyàwó mi kúnlẹ̀, Mojísọ́lá ọmọ wa náà kúnlẹ̀. Mo kí Fọlákẹ́ àbúrò mi tí ń tọ́jú yín. Ẹ kò gbé fóònù mi láti ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé. Mo sì ní kí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí mo gbọ́ pé irú ọ̀ràn yìí ti ń da àárín òbí àti ọmọ rú nínú ilé mìíràn.

Fọlákẹ́ ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Tẹ́lẹ̀, fóònù rẹ̀ ni ẹ fi ń bá wa ṣe àdúrà ìdílé lórí ayélujára. Lọ́jọ́ náà, ẹ ní kọ̀ǹpútà Bàbá ni ẹ fẹ́ lò, nítorí ojú rẹ̀ fẹ̀. Ẹ wé gèlè, ẹ jókòó, ẹ tẹ líǹkì tí mo fi ránṣẹ́. Dípò ojú wa, ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì ni ó yọ, pé ẹ kò ní àṣẹ láti wọlé. Fọlákẹ́ ní ẹ bi òun láti ìgbà wo ni ọ̀gá ilé-ìwé bíi tiyín ti ń tọrọ àyè kí ó tó rí ọmọ tó bí, àti bóyá èmi tí ẹ kọ́ láti máa kan ilẹ̀kùn ni mo wá fi ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ó bẹ̀ yín pé kí ẹ tún gbìyànjú, ẹ ní Abuja ti sọ mí di ọ̀gá, kí ó pa nǹkan náà, kí ó lọ gbé ọbẹ̀ kaná.

N kò dá yín lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ náà kò níwà. Kò kí yín, kò sì sọ ìdí. Bí akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì wa bá fi irú èdè bẹ́ẹ̀ lé àgbàlagbà padà, èmi fúnra mi ni n óò ní kí ó lọ tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ àgbà. Orúkọ tí a fún un nìkan ni ó mọ̀.

Fọlákẹ́ ya àwòrán ojú ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí mi. Ní igun òkè lápá ọ̀tún, mo rí àmì róbótó kékeré tí lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ Bàbá wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà kò mọ̀ pé Bàbá ti lọ. Orúkọ rẹ̀ ni ó fi kan ilẹ̀kùn wa, bẹ́ẹ̀ orúkọ yín àti ti Fọlákẹ́ nìkan ni mo ní kí ó ṣí fún.

Títẹ líǹkì náà léraléra kò lè tún un ṣe. Ẹ tẹ àmì róbótó náà, ẹ yan ibi tí wọ́n ti ní kí ẹ fi ímeèlì mìíràn kún un, ẹ fi tiyín sí i, kí ẹ wá tún líǹkì tẹ̀. Kí Fọlákẹ́ má ṣe yọ ti Bàbá kúrò. Ẹ̀yin òbí mìíràn tí ẹ ń kà á, bí ẹ̀rọ bá ní òun kò rí ojú ìwé náà, ẹ wò ó bóyá líǹkì yín pé. Bí ó bá ní kò sí ayélujára, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kí ẹ yẹ̀ wò. Kò sí èyí tó túmọ̀ sí pé ọmọ yín kọ̀ yín.

Ọyẹ́ ti dé síbí, Màmá. Eruku bo ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, ilẹ̀ sì ti ń ṣú kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé. Owó oṣù ń wọlé, ara wa le, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá kò pọ̀ ládùúgbò wa. Sànnu àwọn Hausa ni Mojísọ́lá fi ń kí máígáàdì, gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń dá mi lóhùn. Àfi bí ẹ bá ki oríkì rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú ni mo ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀. Ó ti kọ́ sáàmù kan sórí nítorí yín. Lọ́jọ́ tí ẹ kò rí àyè wọlé náà, kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ pa ẹ̀rọ. Ó bi mí bóyá Màmá Àgbà ń bínú nítorí pé òun máa ń ṣi ọ̀rọ̀ pè. Èmi náà ń dúró de ikọ́ kékeré tí ẹ máa ń wú kí ẹ tó gbé orin.

Mo mọ̀ pé títẹ ibí, títẹ ọ̀hún lè sú yín. Nítorí náà, mo ti fi orúkọ Bàbá kún àwọn tí ilẹ̀kùn yóò ṣí fún. Orúkọ yòówù tí ẹ bá bá wá, ẹ ó wọlé. Bí ó bá jẹ́ ti Bàbá ni ó kọ́kọ́ yọ lójú ẹ̀rọ wa, gbogbo wa yóò dìde dúró títí a ó fi rí ojú yín.

Kí Olúwa dá yín sí fún wa, kí ó sì fi àlàáfíà kún ilé. Ẹ bá mi kí àwọn ẹ̀gbọ́n Bàbá, ẹ kí ìjọ, ẹ kí gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni ọmọ yín tí ń retí yín,
Adéwálé