Ejò Iwájú Ọkọ̀ Mi Kò Gbé Kamarou Mì

Àdúgbò Ìdí-Àgbọn,
Ẹ̀bá Ọ̀nà Kaboua,
Savè.
12 Oṣù Keje, 1976.

Sí Olórí Dísítíríkì,
Búrò Dísítíríkì,
Savè.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ WỌ́N MÁ ṢE DÁNÁ SUN ỌKỌ̀ MI NÍ ỌJỌ́ ÀBÁMẸ́TA, 17 OṢÙ KEJE

1. Èmi Célestin Oyèlékè ni mò ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe ní Savè àti ní àwọn abúlé tó yí i ká. Ẹ̀rọ mẹ́rìnlá ló wà lọ́wọ́ mi: márùn-ún ní Kaboua, mẹ́rin ní Ofè, mẹ́ta ní Adido, méjì níhìn-ín. Ọkọ̀ tí mo fi ń dé ìdí wọn ni ìgbìmọ̀ àdúgbò wa gbà lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ kẹta oṣù yìí. Wọ́n ní ọkọ̀ àjẹ́ ni, àwọn yóò sì sun ún ní gbangba. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ mẹ́ta ti dákẹ́, àwọn obìnrin Ofè sì ti padà sídìí ọlọ.

2. Alfa Romeo pupa ni ọkọ̀ náà. Itálì ni wọ́n ti ṣe é ní 1958. Ará Itálì kan tó wá gbẹ́ kànga ní agbègbè wa ló fi sílẹ̀ fún mi ní oṣù kẹta 1974, mo sì fún un ní alùpùpù Mobylette mi. Kò ṣiṣẹ́ nígbà náà. Oṣù méje ni mo fi tún un ṣe. Àwọn ènìyàn rò pé ọkọ̀ fàájì ni. Ọkọ̀ akẹ́rù tí mo ń háyà tẹ́lẹ̀ ń mu lítà ẹ̀sáǹsì mẹ́tàlá ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Èyí ń mu mẹ́sàn-án, bí irinṣẹ́ tilẹ̀ kún ẹ̀yìn rẹ̀.

3. Ohun tó fa ọ̀rọ̀ ni àmì roboto tó wà níwájú ọkọ̀. Àgbélébùú pupa wà ní apá kan. Ní apá kejì, ejò aládé kan wà, ènìyàn sì wà lẹ́nu rẹ̀ láti ìbàdí sókè, ó na ọwọ́ méjèèjì. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ó dùn ún wò.

4. Ní ìpàdé ọjọ́ kẹrin, alága ìgbìmọ̀ wa, Bàbá Ọlálẹ́yẹ, ní kí n dìde. Ó bi mí pé: "Célestin, ta ló wà lẹ́nu ejò yẹn? Dárúkọ rẹ̀, kí gbogbo wa lè sùn." Mo dáhùn pé: "Bàbá, ẹ má bínú, n kò mọ̀ ọ́n. Ará Mílánò ni." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín; ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ti jẹ́wọ́ òyìnbó kan. Lẹ́yìn èyí ni ẹnìkan rántí Kamarou alápatà, aládùúgbò mi, tó kú ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá. Wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ni ejò náà gbé mì, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i. N kò fọwọ́ sí i.

5. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ejò náà ti wá. Ará Itálì yẹn gbàgbé ìwé kan sínú ọkọ̀, èdè Faransé ni, mo sì ti kà á tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní 1910 ni ilé-iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Mílánò. Wọ́n ní ayàwòrán kan ń dúró de ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ló bá rí ejò náà lẹ́nu ọ̀nà ààfin àtijọ́ kan. Àmì ìdílé tó jọba ìlú náà láyé ọjọ́un ni. Ó pa á pọ̀ mọ́ àgbélébùú ìlú, ó di àmì ọkọ̀. Àwọn kan ní ejò náà ń gbé ènìyàn mì, àwọn mìíràn ní ńṣe ló ń pọ̀ ọ́ jáde. Ní 1925, ilé-iṣẹ́ náà gba ipò kìíní ní àgbáyé nínú eré ìje ọkọ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe fi ewé ìṣẹ́gun yí àmì náà ká. Eré ìje kan sì wà tó ń ti Brescia lọ sí Róòmù, tó tún ń padà sí Brescia, bí ẹgbẹ̀jọ kìlómítà. Ìgbà mẹ́rìnlélógún ni wọ́n sá a. Ọkọ̀ elejò yìí gbapò kìíní lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Pupa ni wọ́n ń kun ọkọ̀ Itálì tó bá ń lọ síbi eré ìje, kí ojú lè dá a mọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù níbẹ̀ ní àmì tiwọn: ọ̀kan ní ẹṣin, ọ̀kan ní akọ màlúù, ọ̀kan ní ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta. N kò tíì kà á níbì kan pé wọ́n bi ẹlẹ́ṣin léèrè ẹni tí ẹṣin rẹ̀ tẹ̀ pa.

6. Ìwé ọjọ́ orí Kamarou fi hàn pé 1921 ni wọ́n bí i. Bí a bá yọ 1910 kúrò nínú rẹ̀, ó ku mọ́kànlá. Ọdún mọ́kànlá ṣáájú ìkómọjáde Kamarou ni ẹni yẹn ti wà lẹ́nu ejò.

7. N kò tako ìjà tí ìjọba Ìyípadà wa ń bá àjẹ́ jà. Mo tilẹ̀ bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n tú àmì náà kúrò, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Wọ́n ní ẹ̀rí ni mo fẹ́ pa mọ́.

8. Àdìjá, opó Kamarou, ni ojú rẹ̀ tì mí jù. Mo gbé ìwé ará Itálì náà lọ bá a ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ó wo àwòrán ejò náà títí, ó wá ní: "Èyí kò nírùngbọ̀n. Kamarou ò sì nawọ́ báyìí sí ẹnikẹ́ni rí, àfi bí mo bá ń bu ọbẹ̀." Ó tẹ̀lé mi dé ọ̀dọ̀ alága, ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Alága ní ọ̀rọ̀ ti kọjá ọ̀dọ̀ òun, pé ẹ̀yin nìkan lẹ lè dá iná náà dúró.

9. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín kí ẹ pàṣẹ pé kí wọ́n má sun ọkọ̀ náà, kí wọ́n sì dá kọ́kọ́rọ́ mi padà kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó pé. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, Àdìjá ti gbà láti wọ ọkọ̀ náà pẹ̀lú mi ní ọ̀sán gangan, láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin dé Ofè, lójú gbogbo àdúgbò. Ó tẹ̀ka sísàlẹ̀ ìwé yìí. Ó ní kí n kọ ọ́ kedere pé iwájú ni òun yóò jókòó.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á. A ti ṣe tán fún Ìyípadà, ìjà sì ń tẹ̀síwájú.

Èmi ni tiyín, tí ń retí àṣẹ yín,

Célestin Oyèlékè,
Atún-ẹ̀rọ-ìlọta-ṣe.

Ìtẹ̀ka Àdìjá, opó Kamarou alápatà.