Iná Tí Mo Rà fún Ewúro Yín

Bàbá mi àtàtà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń pa iná kiri ilé,

Ọ̀rọ̀ ewúro yín ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mi ò rí ẹlòmíràn tí mo lè bá sọ ọ́ tí kò ní máa fi ojú àánú wò mí, torí lójú wọn, ewé lásán ni. Nínú gbogbo ohun tí ọwọ́ yín kàn kí ẹ tó lọ, òun nìkan ló ṣì ń mí. Aṣọ yín wà nínú àpótí, bàtà yín wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n aṣọ kì í hu ewé. Bí ewúro yìí bá kú mọ́ mi lọ́wọ́, lójú tèmi, ẹ tún kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, mi ò sì rò pé mo lè fara dà á.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ mú un délé? Igi gbígbẹ kan báyìí ni ọ̀rẹ́ yín tó ń gbé ní Fayetteville gé fún yín, ẹ sì fi ìwé ìròyìn wé e bí ẹja. Mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ṣé igi ìdáná lẹ lọ ṣẹ́ bọ̀ ni. Ẹ wá ìkòkò ńlá kan, ẹ bu yẹ̀pẹ̀ sí i, ẹ ki igi náà bọ̀ ọ́, ẹ sì gbé e sẹ́yìn ilé wa ní Lithonia, nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí. Ẹ ní ẹ ò ní gbìn ín sílẹ̀, torí òtútù ìlú yìí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ewúro. Kí ooru tó mú dáadáa, igi ìdáná mi ti hu, ó sì ga dé èjìká yín kí ọdún kejì tó parí.

Kí ẹ tó mu tíì láàárọ̀, ẹ ó ti já ewé kan, ẹ ó ṣàn án lómi, ẹ ó sì jẹ ẹ́ ní tútù. Ẹ ó di ojú kan, ẹ ó máa dúró dè é. Nígbà tó bá yá, ẹ ó wá sọ fún mi pé adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro, bí ẹni pé mi ò gbọ́ ọ lánàá. Lẹ́yìn náà, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yín, iná pípa. Bí mo bá jáde ní yàrá, ẹ ti wà lẹ́yìn mi, ẹ ti pa iná ibẹ̀. Ẹ pa iná balùwẹ̀ mọ́ mi lórí rí, tòun ti ọṣẹ lójú mi, ẹ wá ní ẹ ò mọ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀. Ta ló wá tan iná náà, Bàbá? Mo bi yín lọ́jọ́ náà, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ bá tiyín lọ.

Mo ti kó kúrò ní Lithonia. Ẹ má bínú. Ilé yẹn tóbi jù fún èmi nìkan, ọ̀nà márosẹ̀ I-20 sì ti sú mi. Mo gba àpátímẹ́ǹtì kan ní Norcross, lájà kejì, torí kò jìnnà sí ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì báyìí. Kí n tó gbà á, mo wo ilé ìdáná, mo wo balùwẹ̀, mo wo ibi tí màá máa gbé mọ́tò sí. Mi ò wo ibi tí oòrùn ti ń wọlé. Ẹ̀yin ì bá kọ́kọ́ wo ìyẹn. Ògiri ilé kejì ni gbogbo fèrèsé mi kọjú sí. Nígbà ooru, ewúro wà ní bákónì, ara rẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n nígbà tí òtútù dé tí mo gbé e wọlé, ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pupa rúsúrúsú, ó sì ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń ṣa wọ́n sínú abọ́ kan lórí tábìlì, mi ò lè dà wọ́n nù.

Wọ́n ní iná kan wà tí wọ́n ń pè ní LED, tí ènìyàn lè fi rọ́pò oòrùn nínú ilé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lórí fóònù. Bàbá, ibi tí mo bá yà sí, igbó ni, igbó tí wọ́n ń mu. Àṣé nítorí igbó ni ayé ṣe ń ra iná yìí. Ẹni tó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń gbé e kọ́, igbó ló gbìn sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń sọ èyí tó dára àti èyí tí kò dára, igbó ló fi dán an wò. Òfin ìpínlẹ̀ Georgia tí a wà yìí kò tilẹ̀ fàyè gba ẹnikẹ́ni láti gbin igbó sílé, àmọ́ ìyẹn ò dí wọn lọ́wọ́ ìwàásù. Èmi náà ò bá wọn jà. Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ wọn bí ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò, ibi tí wọ́n bá ti kọ igbó, èmi a ka ewúro.

Nígbà tó yá, mo lọ sí ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta iná náà, kò jìnnà sílé. Ọkùnrin tó ń tajà rí aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn mi, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ó bi mí pé irú wo ni mo fẹ́ gbìn. Mo ní ewúro ni. Ó ní òun ò gbọ́ irú ìyẹn rí, ó wá bi mí bóyá ó lágbára. Mo ní ó lágbára gan-an, àwa a máa fi se ọbẹ̀. Ó wò mí tìyanu tìyanu. Ó fẹ́ fi iná kékeré kan hàn mí, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́. Mo ti rò ó lọ́kàn mi pé ẹni tó ń ṣàárẹ̀ tó báyìí, oògùn tó le ló yẹ ẹ́. Èyí tó le jù nínú ìsọ̀ ni mo gbé, ọ̀kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò.

Ẹ̀yin ì bá rí pálọ̀ mi. Ó dà bí ibi tí wọ́n ti ń jó dìskó. Fáànù inú iná náà ń kùn ṣáá, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Èyí tó wá burú jù ni pé mi ò rí ewúro mọ́. Lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ yẹn, ewé tútù dúdú, ewé tó ń kú lọ náà dúdú. Mo gbé aláìsàn sí ibi tí mi ò ti lè rí ojú rẹ̀.

Inú ìmọ́lẹ̀ yẹn ni Aunty Bísí bá mi lọ́jọ́ Sátidé kan. Ẹ rántí wọn, àwọn ni wọ́n máa ń ka ìfilọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì máa ń gba ewúro lọ́wọ́ yín lẹ́yìn ìsìn. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti rí àwọ̀ fèrèsé mi. Nígbà tí wọ́n wọlé, páálí iná náà ni wọ́n kọ́kọ́ rí, ewé igbó gàdàgbà sì ni àwọn tó ṣe é yà sára rẹ̀. Wọ́n jókòó sí etí àga, wọ́n gbé báàgì lé ẹsẹ̀, wọ́n ní àwọn ò mu omi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìbànújẹ́ a máa ti ènìyàn sí nǹkan, pé Ọlọ́run kì í kọ ọmọ Rẹ̀, pé ọmọ ẹnìkan tí àwọn mọ̀ náà, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó pẹ́ kó tó yé mi. Nígbà tó yé mi, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi. Láti ìgbà tí a ti sin yín, mi ò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

Mo fà wọ́n lọ́wọ́ dé ìdí ìkòkò, mo já ewé kan, mo fi lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n fi sẹ́nu, wọ́n di ojú kan gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe.

“Ah-ah. This is Daddy's ewúro.”

Wọ́n bú sẹ́kún, èmi náà bá wọn sun ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ní kí n fún àwọn lómi.

Mo dá iná náà padà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fara balẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Iná funfun ni mo mú, tó dà bí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí n lè máa rí àwọ̀ ewé. Mo mú kékeré, torí igi kan ṣoṣo ni mo ní. Mo mú èyí tí mo lè dín kù tí mo sì lè fi kún, tí kò sì ní fáànù. Mi ò wo ohun ńláńlá tí wọ́n kọ síwájú páálí mọ́, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, mo ka ibi tí wọ́n kọ iye iná tó ń jẹ gan-an sí. Nígbà tí mo fẹ́ gbé e kọ́, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ mi sí ibi tí ewé tó ga jù wà, mo dúró díẹ̀. Bó bá gbóná jù fún ọwọ́ mi, ó gbóná jù fún òun náà. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe sí iwájú orí mi nìyẹn tí ibà bá ń ṣe mí ní kékeré. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni, ẹ kì í lo àtẹ́lẹwọ́. Ẹ ní àtẹ́lẹwọ́ a máa parọ́. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, Bàbá. Ó ń ṣe mí bíi pé kí ẹnìkan fọwọ́ kan iwájú orí mi.

Ewé kò já bọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n kò hu òmíràn. Àwọn tó wà níbẹ̀ ká jọ, wọ́n le gbagidi, etí wọn sì ń gbẹ. Kò kú, kò sì yè. Aunty Bísí tún wá kí mi, wọ́n gbé pánla wá. Wọ́n lọ wo ewúro, wọ́n wò ó títí.

“But my dear, ìgbà wo ló wá ń sùn?”

Tọ̀sán tòru ni iná náà ń tàn. Táímà tó lè máa pa á fúnra rẹ̀ wà nínú páálí, mi ò tíì tú ọ̀rá ara rẹ̀. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo yàrá, wọ́n wo ilé ìdáná, wọ́n wo ọ̀nà balùwẹ̀. Gbogbo iná ilé ló wà ní títàn, lọ́sàn-án gangan. Wọ́n bá mi to pánla sínú fíríìsà.

Ẹ̀yin mọ ìdí rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn yín ní ọsibítù, iná orí bẹ́ẹ̀dì ń gún yín lójú, ẹ sì ní kí n pa á. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ti ń bá mi sọ láti kékeré ni, mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo pa á. Ẹ sùn, ẹ ò sì jí. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ mi kì í fẹ́ lọ síbi iná mọ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òkùnkùn ló mú yín lọ. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ohun tó ṣe yín, mo lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í gbọ́ àlàyé. Èmi ọmọ apaná wá di ẹni tó ń fi iná sílẹ̀ ní títàn, mo sì ń dá ewúro yín lóró, mo pè é ní ìtọ́jú. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ṣé ilẹ̀ máa ń ṣú níbi tí ẹ wà? Bó bá ń ṣú, ta ní ń bá yín pa iná? Ṣé ẹ gbọ́ ẹ̀rín mi lọ́jọ́ yẹn kí ẹ tó sùn?

Alẹ́ ọjọ́ tí Aunty Bísí gbé pánla wá ni mo pa iná ewúro fún ìgbà àkọ́kọ́. Mi ò lo táímà. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ yín ṣe. Mo na ọwọ́ sí iná náà, mo fà á sẹ́yìn, mo tún nà án, mo wá pa á, mo sì jókòó tì í pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti ilé ìdáná. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo tan iná, ó wà níbẹ̀. Bàbá, ó jí. Mo dì mọ́ ìkòkò náà bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Láti ìgbà náà, tí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́, mo ń pa á, tí ilẹ̀ bá mọ́, mo ń tàn án. Ewé tó ká jọ ti ń nà díẹ̀díẹ̀. Nídìí igi, níbi tí ẹ ti gé ẹ̀ka kan ní ọdún tí ẹ lọ, ọ̀mùnú tuntun ti yọ.

Mo já ewé kan láàárọ̀ yìí kí n tó mu tíì. Mo di ojú kan, mo dúró dè é. Ó korò, ó korò, ó wá dùn. Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ yín fún ara mi, torí kò sẹ́nìkan tí yóò sọ ọ́ fún mi. Àárò yín ń sọ mí, Bàbá. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́.

Ilẹ̀ ti ń ṣú báyìí. Mo ti pa ti ewúro. Nígbà tí mo parí ìlà tó ṣáájú èyí, mo dìde, mo pa ti balùwẹ̀, mo pa ti ilé ìdáná. Èyí tí mo fi ń kọ̀wé yìí ló kù, iná kan ṣoṣo nínú gbogbo ilé, mo sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ yín lẹ́yìn mi. Ẹ má ṣe ìyọnu, ẹ jókòó. Màá pa á.

Ẹ sùn re, Bàbá mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ kọ́ ní iná pípa.