Ojú Tí Mo Jogún Lọ́wọ́ Yín

Bàbá mi, ọdẹ tó bí mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ̀wé sí yín, ṣùgbọ́n odò kò jẹ́, igbó náà kò sì jẹ́. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni mo ti padà sídìí ohun tí èmi àti ẹ̀yin jọ máa ń ṣe nígbà ọlidé ilé ìwé. Mo gbé ìbọn ṣakabùlà yín sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, mo nù ún, mo fi òróró pa á lára. Àwọn àgbà tó mọ̀ yín ní Ìgàndò tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ yín pè mí.

Ọwọ́ mi kò dilẹ̀ lọ́dún yìí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀yà ni mo ń lé kiri lẹ́yìn àwọn ilé tuntun tó fẹ́ gbé igbó yẹn mì. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo dẹ ìgèrè sínú odò, àrọ̀ sì ń wọ inú rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ pè wọ́n. Mo ṣa ìgbín, mo dẹ pańpẹ́ fún òkété. Bísí ìyàwó mi yan ẹja títí òórùn èéfín fi wọ gbogbo aṣọ rẹ̀, ó sì ń gbé èyí tó bá pọ̀jù lọ sí ọjà Ṣàṣá. Nígbà tó sú u, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

“Bàbá Dámi, fìríìjì ti kún o. Ṣé gbogbo ẹran inú igbó lẹ fẹ́ kó wálé ni? Ẹ jókòó jàre.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò lè sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí láti jókòó.

Ojú mi ń lọ, Bàbá. Ẹ̀gbẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń rí ọ̀ọ́kán dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ń yọ sí mi lójijì. Láràárọ̀, kí Bísí tó jí, mo máa ń fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, kí n fi tòsì wo táńkì omi tó wà lórí òrùlé ilé kejì. Nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, mo ń rí táńkì náà àti igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní báyìí, táńkì nìkan ló kù. Ó dà bí ẹni tó ń yọjú wo ìta láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sáré láti odò dé igbó, láti igbó dé odò. Mo fẹ́ wò wọ́n yó.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ sí ilé ìtọ́jú ojú kan nítòsí ibùdókọ̀ Pleasure. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹnu géètì ni mo ti padà. Ìgbà kejì, mo wọlé, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń wo ilẹ̀ bí ẹni pé èmi kọ́. Bí dókítà kò bá tíì sọ ọ́, mo ń rò pé kò tíì ṣẹlẹ̀. Ẹ wo olùkọ́ tó ti na ọmọ ọlọ́mọ rí nítorí pé ó sá fún abẹ́rẹ́.

Ohun tó mú mi kọ̀wé yìí ṣẹlẹ̀ ní Sátidé tó kọjá. Mo ti ki ìbọn láti ilé, mo sì kọ́kọ́ lọ kó àwọ̀n. Ẹ rántí ibi tó tóóró lára odò, tí a máa ń tẹ́ igi lé láti sọdá. Mo mọ ibẹ̀ bí ẹní mowó. Ẹsẹ̀ mi yẹ̀, mo sì bọ́ sómi tìbọn-tìbọn. Mo dìde, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó rí mi. Mo gbọn omi kúrò lára ìbọn, mo ń lọ.

Lẹ́bàá àbàtà tí ewé eéran pọ̀ sí, nǹkan kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú mira láàárín ewé. Ó ba sílẹ̀, ó tún mira. Ọ̀yà ni, ó dá mi lójú, mo tilẹ̀ rí etí rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí ọdẹ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yìnbọn, torí ẹran á sá, èèyàn á dáhùn. Mi ò wúkọ́. Ojú mi kò lè bá ẹran tó ń sá mọ́, mi ò sì fẹ́ kí eléyìí lọ. Mo fa á. Ìbọn dún kẹ́, kò bú.

Ọ̀yà náà nàró, ó fọwọ́ mú ẹ̀yìn. Obìnrin ni. Ìborùn rẹ̀ ni mo pè ní ẹran. Ewé mọ́ínmọ́ín ló ń já, tó fẹ́ lọ tà ní Ìkọ̀tun.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹrù yìí rù mí.”

Mo gbé ìbọn sílẹ̀, mo gbé ẹrù ewé náà rù ú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi kó tó dé orí rẹ̀, ó sì ṣàánú mi. “Ẹ rọra o, bàbá. Ojú yín ò ní ríbi.” Mo ṣe àmín. Ó ń lọ, ó ń kọrin ìjọ lábẹ́ ẹrù rẹ̀. Kò mọ nǹkan kan.

Omi tí mo ṣubú sí ló mú ẹ̀tù ìbọn tutù, Bàbá. Ká ní mo rí igi yẹn tẹ̀ dáadáa láàárọ̀, òkú ni ǹ bá bá láàárín ewé. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀kùn bá dún, àyà mi á já, bí ẹni pé wọ́n wá mú mi fún ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo bá ara mi níbi tí mo ti ń ya aṣọ ìbùsùn funfun kan sí wẹ́wẹ́, kí n lè so ó mọ́ igi lójú ọ̀nà odò láti máa fi mọ ọ̀nà. Ọwọ́ mi dúró. Ẹ̀yin náà máa ń so àkísà funfun sójú ọ̀nà yẹn. Ẹ ní nítorí kí ẹlòmíràn má baà tẹ pańpẹ́ wa ni. Ẹ máa ń ní kí n ṣíwájú, kí n máa sọ gbogbo ohun tí mo bá rí fún yín, mo sì rò pé ẹ̀kọ́ ni. Nígbà tí ẹ fi máa kú, ẹ kò ríran mọ́ rárá, ọjọ́ ogbó la sì pè é. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ gan-an? Wọ́n ní ẹyẹ kì í sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí bàbá ṣe sí ọmọ?

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí ẹ gbé ìbọn kọ́. Ẹ ní ẹran ìgbẹ́ ti sú yín. Ní ọjọ́ tí a lọ kẹ́yìn, mo sáré ṣíwájú lọ ṣa àgbálùmọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì kákí ilé ìwé ló wà lọ́rùn mi. Nígbà tí mo padà, orí ilẹ̀ lásán ni mo bá yín, ìbọn wà lọ́nà jíjìn. Ẹ fà mí mọ́ra, ẹ ń gbóòórùn orí mi. Mo fún yín ní àgbálùmọ̀, ọwọ́ yín kò lè mú un. Mo rò pé ejò lẹ rí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, bí a ṣe ń bọ̀ nílé, lẹ kọ́ mi pé kí ọdẹ máa wúkọ́.

Èmi ni, àbí? Èmi lẹ pè ní ẹran.

Inú kò bí mi sí yín. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ gbé ìbọn kọ́, ẹ sì gbé ẹnu kọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Èmi náà ti gbé ìbọn kọ́ láàárọ̀ yìí, ẹnu ni mi ò fẹ́ gbé kọ́. Dámi, ọmọ mi, ń wa mọ́tò gba Abúlé Ẹ̀gbá lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ní Àìkú, nígbà tó ń wọlé sọ́dọ̀ wa, ó fi ẹ̀gbẹ́ mọ́tò họ géètì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò rí i. Bísí bá a rẹ́rìn-ín. Mo wọ yàrá lọ.

Mo ti yanu lẹ́ẹ̀mẹrin láti sọ fún ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹja ló ń tẹnu mi jáde. Nítorí náà, orí tábìlì ni mo máa fi lẹ́tà yìí sí, lábẹ́ Bíbélì rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ foríjì mí, Bàbá, pé ẹlòmíràn ló máa ka ọ̀rọ̀ yín.

Bísí, bí o bá ti kà á dé ibí, pe Dámi. Sọ fún un kó wá. Sọ fún un kó má wa mọ́tò.

Èmi ni, Bàbá,
ọmọ tí ẹ fi ṣe ojú, tó ṣì fẹ́ràn yín.