Ẹ Jẹ́ Kí Òjò Kọ́kọ́ Rọ̀

Ẹ kú ilé o, Màámi. Láti Mowo l'Ékòó níhìn-ín ni mo ti dọ̀bálẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú òtútù orí òkè wa. Bùọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n mi, mo kí ẹ̀yin àti ìyàwó yín. Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa ka lẹ́tà yìí sí wọn létí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ibì kankan.

Iṣẹ́ olùkọ́ ń lọ, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Òjò ò dáwọ́ dúró, aṣọ ò gbẹ, kò sì sí ẹni tí mo lè ráhùn sí bí mo bá ti iṣẹ́ dé. Inú yàrá kan tí mo gbà ni mo ṣì wà. Onílé tún ti ní ká fi kún owó ilé, owó ọdún méjì ló sì fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan. Mo bèèrè ilé ìjọba. Wọ́n ní àwa olówó oṣù kékeré ni wọ́n kọ́ ọ fún, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ní ká kọ́kọ́ san sílẹ̀, ta ló ní in nínú wa? Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá ilẹ̀.

Mo gbọ́ pé ẹ ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ yín ti ra ilẹ̀ l'Ékòó. Ẹ sì ti búra pé ẹ ò ní wá sùn nílé onílé, pé ọjọ́ tí mo bá ní tèmi lẹ máa wá. Màámi, mi ò tíì ra nǹkan kan.

Nígbà ọyẹ́ ni alágbàtà ilẹ̀ kan mú mi lọ sọ́nà Ikoga. Ilẹ̀ náà le, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí àpáta tí èèyàn máa fọ́ bíi tọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ní mo lè máa san án díẹ̀díẹ̀. Ohun tó wù mí jù ni ẹnu ọ̀nà àwọn tó ti kọ́lé síbẹ̀: ilé kékeré, àtẹ̀gùn rẹpẹtẹ. Ọmọ Èkìtì ni mí. Nílé wa, olówó ló ń gun irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ wọlé. Mo ní àdúgbò ọlọ́lá ni mo bọ́ sí yìí.

Ìyá Sẹ̀wànù, obìnrin Ègùn tó ń ta àgbọn lọ́jà Agbalata, tí a jọ ń gbé ilé yìí, rẹ́rìn-ín mi títí. Ó ní àwọn kì í ra ilẹ̀ nígbà ọyẹ́, pé kí n jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ rọ̀. Alágbàtà ní bí mo bá fi falẹ̀, ẹlòmíì á gbà á. Orí mi fẹ́ẹ̀ fọ́, ṣùgbọ́n mi ò sanwó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti Ìyá Sẹ̀wànù lọ wò ó. Mi ò rí ilẹ̀ mọ́. Omi ọ̀sà ti gba gbogbo rẹ̀. Igi tí wọ́n fi sàmì sí igun rẹ̀ nìkan ló yọrí. Obìnrin kan jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, ó ń fọ abọ́ nínú omi tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe ọlá ló gbé àtẹ̀gùn wọn ga. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ẹkún ló gbọ̀n mí. Ẹ̀yin ni mo ń rò.

Ilẹ̀ tó gbẹ wà níbòmíràn, ọwọ́ mi ni ò tíì tó o. Mò ń dá owó sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, ó máa pẹ́. Bùọ̀dá sì sọ fún mi pé ọ̀pá lẹ fi ń rìn báyìí. Ẹ̀rù ń bà mí pé, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ilé ọ̀hún á dúró tán, ẹni tí mo torí ẹ̀ kọ́ ọ ò ní lè rin ìrìn àjò mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ìbúra yẹn jù sílẹ̀. Ibùsùn á jẹ́ tiyín, màá tẹ́ ẹní tèmi sílẹ̀. Ìyá Sẹ̀wànù ti ní òun á máa bá yín tàkúrọ̀sọ bí mo bá lọ síbi iṣẹ́.

Ọlọ́run á dá yín sí, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àtàgbà àtọmọdé. Ẹ máa bọ̀, Màámi. Ilé onílé ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ.

Èmi ni ọmọ yín,
Táyọ̀