Màmá Jẹ́jẹ́, Obìnrin Tó Fi Ahọ́n Ṣọ́ Ọtí Dúdú

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé ọtí tí ẹ wọ aṣọ iṣẹ́ yín wá síbí lónìí, ẹbí olóògbé kí yín kú ìrọ́jú, kú àṣẹ̀yìndè. Ìtàn ẹni tí a wá sìn nìyí.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1944 ni a bí Màmá, nínú yàrá kan lókè ilé búrẹ́dì, ní òpópónà tó lọ tààrà dé ẹnu géètì ilé iṣẹ́ ọtí. Aṣebúrẹ́dì ni bàbá wọn, ọmọ aṣebúrẹ́dì, ọmọ-ọmọ aṣebúrẹ́dì. Alágbàfọ̀ ni ìyá wọn, obìnrin kúkúrú kan tí kì í dá aṣọ padà fún oníbàárà láìjẹ́ pé ó fi imú kàn án kó lè mọ̀ bóyá ọṣẹ ti jáde tán. Màmá ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́rin. Àwọn àbúrò wọn máa ń sọ pé láti orí bẹ́ẹ̀dì ni Màmá ti ń kígbe sísàlẹ̀ láàárọ̀ pé, "Bàbá, ó ti fẹ́ jóná o!" Bàbá yóò sáré ṣí ààrò, yóò sì rí i pé òótọ́ ni. Kò sí ẹni tó ka èyí sí ẹ̀bùn nígbà náà. Wàhálà ni gbogbo ilé kà á sí, torí pé ọmọ tó ń gbọ́ òórùn tó bẹ́ẹ̀ kì í gbà jẹ oúnjẹ àná.

Ní ọdún 1950, Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwé yé wọn, ọwọ́ ìkọ̀wé wọn sì gún régé débi pé àwọn ni olùkọ́ máa ń pè láti kọ ọjọ́ sára pátákó. Ní ọdún 1957, àìsàn gbé bàbá wọn dè, kò sì dìde mọ́. Ààrò tutù, ilé búrẹ́dì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Màmá pa ìwé dé, wọ́n jókòó ti ìyá wọn nídìí ìfọṣọ fún ọdún márùn-ún gbáko. Wọn kì í ráhùn nípa rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Ẹ̀kọ́ tó kù, imú ni mo fi kọ́ ọ."

Ní ọdún 1962, ilé iṣẹ́ ọtí gba Màmá síṣẹ́ láti máa fọ ife ní yàrá ìtọ́wò. Yàrá náà kò tóbi. Ògiri rẹ̀ funfun, fèrèsé rẹ̀ ga, tábìlì gígùn kan wà láàárín, kò sí kọ́tìnnì, kò sí òdòdó, ẹni tó bá sì fín lọ́fínńdà kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Oríṣiríṣi bíà ni ilé iṣẹ́ náà ń pọn, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló gbé orúkọ wọn jáde: ọtí dúdú kan, irú ti àwọn ará Sikandinéfíà ní àríwá Yúróòpù, tó nípọn, tó lágbára, tí wọ́n ń fi sínú òtútù yàrá abẹ́ ilẹ̀ fún oṣù mélòó kan kó lè rọra gbó. Ọ̀gá Apọntí ló lọ kọ́ ọ níbẹ̀, tó sì gbé e bọ̀ wálé. Ọkùnrin gíga tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, Ọ̀gá Òpó ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é.

Ọdún kejì iṣẹ́ wọn ni ìyípadà dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn atọ́tíwò mẹ́rin ń bá ara wọn jiyàn lórí ọtí dúdú kan. Ẹni kan ní ó dára, ẹnì kejì ní ó ti ń bàjẹ́, àwọn méjì tó kù kò mọ èyí tí wọn ì bá sọ. Màmá ń kó ife jọ sínú agbọ̀n. Wọ́n gbé ọ̀kan sókè, wọ́n fi imú kàn án.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni wọ́n wí, "ife kẹta yìí ń rùn bíi páálí tó tutù."

Ọ̀gá Òpó gba ife náà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ní kí wọ́n mú ìgò rẹ̀ wá. Ìdérí rẹ̀ kò dì dáadáa, afẹ́fẹ́ ti wọlé.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Kò sí, sà. Ó ń rùn ni."

Láti ọjọ́ yẹn, ẹlòmíì ló ń fọ ife. Ọdún méjì ni Ọ̀gá Òpó fi kọ́ Màmá níṣẹ́. Ó kọ́ wọn láti rọra da ọtí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, kí ìfófó rẹ̀ tó ní àwọ̀ ilẹ̀ lè gòkè láìbẹ́. Ó kọ́ wọn láti gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ wò, torí pé ọtí dúdú tó bá dára, etí rẹ̀ máa ń pọ́n bí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni imú, lẹ́yìn imú ni ẹnu. Ṣokoléètì tí kò ní ṣúgà ló máa ń kọ́kọ́ dé, kọfí á tẹ̀ lé e, èso àjàrà gbígbẹ á wá yọjú, ìkorò yóò sì jókòó sẹ́yìn ọ̀fun bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Nítorí ìkorò yẹn, atọ́tíwò kò lè tu ọtí dànù bí àwọn tó ń tọ́ wáìnì wò ti ń ṣe. Ó ní láti gbé díẹ̀ mì. Ẹni tó bá sì fẹ́ kánjú da ọtí sínú ife níwájú Màmá yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Jẹ́jẹ́." Bí orúkọ ṣe mọ́ wọn lára nìyẹn.

Ní ọdún 1968, Màmá ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Baba wa, káfíńtà. Pẹpẹ ife ni Baba wá kàn sí yàrá ìtọ́wò lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Bí wọ́n ṣe fẹsẹ̀ kan wọlé ni Màmá dìde. "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ̀yin àti òórùn fáníìṣì ara yín, ẹ bọ́ síta." Lọ́jọ́ kejì, Baba gbé pẹpẹ mìíràn dé, pákó lásán tí wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n," ni wọ́n wí fún obìnrin tí wọ́n fi ọdún méje jù, "mo ti wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ wá gbọ́ òórùn mi wò." Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyàwó kò fín lọ́fínńdà, ọkọ kò pa ìpara olóòórùn, torí pé ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Màmá ní ọtí tí wọ́n fẹ́ tọ́ wò.

Ní ọdún 1974, ọ̀rọ̀ dé inú ìjọ. Àwọn kan ní kò yẹ kí ẹni tó ń mutí lójoojúmọ́ máa kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì. Màmá kò bínú. Wọ́n pe alàgbà tó ń ṣojú àwọn olùfisùn pé kó wá wo iṣẹ́ àwọn. Alàgbà wá, ó jókòó sígun yàrá. Ó rí ife kékeré méje, omi, búrẹ́dì gbẹrẹfu, bírò àti ìwé. Ó rí Màmá tí wọ́n pa ojú dé lórí ife kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kí ife kẹrin tó dé, alàgbà ti ń hanrun. Nígbà tó jí, ó nu ẹnu, ó ní, "Arábìnrin, mo rò pé ẹ̀ ń gbádùn ni. Iṣẹ́ yìí le o." Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Màmá fi kọ́ àwọn ọmọ ìjọ. Púpọ̀ nínú àwọn tó gbé pósí wọn wọlé láàárọ̀ yìí ló ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì kíláàsì wọn rí.

Ní ọdún 1981, imú Màmá ṣe gbogbo àdúgbò lóore. Wọ́n bu omi ẹ̀rọ láàárọ̀, wọ́n dà á nù, wọ́n tún bu òmíràn. Wọ́n wọ bàtà, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé: "Ẹ má mu omi yìí o, ẹ sè é. Páìpù kan ti bẹ́ níbì kan." Àwọn kan fi wọ́n ṣẹ̀sín pé Màmá Jẹ́jẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ omi wò. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ omi gbẹ́ ilẹ̀ níwájú ilé aránṣọ, wọ́n bá páìpù tó ti là, ìdọ̀tí ń wọnú rẹ̀. Nínú àwọn tó gbọ́ ìkìlọ̀ Màmá, kò sí ẹni tí inú rẹ̀ run.

Ẹbí kò ní fi ọdún 1989 pamọ́, nítorí Màmá fúnra wọn kò fi pamọ́ fún wa. Ọdún yẹn ni Ọ̀gá Òpó fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ọtí dúdú tó pọn kẹ́yìn ti wà nínú táǹkì láti oṣù karùn-ún. Àwọn òṣìṣẹ́ fi ẹfun kọ orúkọ Ọ̀gá sára táǹkì náà, ilé iṣẹ́ sì ti pe àlejò síbi ìdágbére rẹ̀, níbi tí wọn yóò ti mu ún. Màmá ti di olórí àwọn atọ́tíwò nígbà náà. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́rú kan, àwọn atọ́tíwò márùn-ún jókòó, Ọ̀gá Òpó dúró ti fèrèsé. Mẹ́rin nínú wọn wo ojú Ọ̀gá, wọ́n ní ọtí náà dára. Màmá gbé ife síwájú imú. Ṣokoléètì dé, kọfí dé. Lẹ́yìn wọn, ohun kan tínrín dé, bíi wàrà tí wọ́n gbàgbé sójú fèrèsé. Wọ́n mu omi. Màmá ní kí wọ́n fi ife náà sáàárín àwọn ife ọtí dúdú mìíràn, kí àwọn má lè mọ èyí tó jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Màmá mú un jáde.

"Ọ̀gá, ó ti kan."

"Kí ló kan?"

"Ọtí náà, sà. Díẹ̀ ni báyìí. Tó bá fi máa dọ́wọ́ ẹni tó máa mu ún, kò ní jẹ́ díẹ̀ mọ́."

Ọ̀gá Òpó tọ́ ọ wò, ó gbé ife kalẹ̀. "Ahọ́n rẹ ló ń ṣàìsàn. Èmi ni mo fi ife lé ọ lọ́wọ́. Ṣé èmi lo wá fẹ́ dójú tì?"

"Rárá, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí mo ṣe máa mọ̀ ọ́n."

Màmá kọ "Kò yẹ" sínú ìwé. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, yàrá àyẹ̀wò rí kòkòrò tó ń mú ọtí kan nínú rẹ̀, láti inú rọ́bà kan tí ọtí ń gbà kọjá, tí wọn kò fọ̀ mọ́. Wọ́n da gbogbo táǹkì náà nù. Màmá dúró nínú àgbàlá, wọ́n ń wo ìfófó náà bó ṣe ń wọnú gọ́tà lọ, omi ń dà lójú wọn. Níbi ìdágbére, Ọ̀gá Òpó bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́, ó sì fo Màmá kọjá.

Ọdún mẹ́rin ni wọn kò fi ríra. Ní ọdún 1993, ọmọbìnrin Ọ̀gá pàdé Màmá ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Bàbá kì í jẹun mọ́ o. Wọ́n ní gbogbo nǹkan ò ní adùn lẹ́nu àwọn." Ní ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, Màmá mú ìgò ọtí dúdú kan, wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Ó ti gbẹ, òpó ti tẹ̀.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá kí yín ni, sà."

Àwọn méjèèjì jókòó, Ọ̀gá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Lọ́jọ́ yẹn, mo tọ́ ọtí yẹn wò, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Kì í ṣe kíkan nìkan. Mi ò gbọ́ nǹkan kan rárá. Ó ti tó ọdún méjì tí imú mi ti ń lọ. Ojú àwọn yòókù ni mo máa ń wò kí n tó sọ̀rọ̀. Ojú tìrẹ nìkan ni mi ò rí nǹkan kà níbẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí. Mi ò bínú sí ọ."

Màmá ṣí ìgò, wọ́n rọra da ọtí sínú ife, wọ́n mu díẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí wọ́n gbọ́ nínú rẹ̀ fún Ọ̀gá, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú. Ọ̀gá pa ojú dé. "Lẹ́yìn kọfí ńkọ́?" ló bi wọ́n. "Má fò ó. Kí ló tẹ̀ lé e?" Gbogbo ọjọ́bọ̀ ni Màmá ń lọ lẹ́yìn ìyẹn, títí Ọ̀gá fi kú ní ọdún 1998. Ọmọ rẹ̀ sọ fún wa pé ọjọ́bọ̀ nìkan ni bàbá òun ń jẹ àjẹyó.

Màmá fẹ̀yìn tì ní ọdún 2004. Wọ́n gbin ata tí wọ́n fi ogójì ọdún yẹra fún nítorí ahọ́n wọn, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń gbẹ̀san.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ara wọn kò le mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n ní kí Baba bá àwọn ṣí ìgò ọtí dúdú kan. Màmá fi ọtí náà kan ètè, wọ́n sì na ife sí ọkọ wọn, ẹni tí kò fi ẹnu kan ọtí rí láti ọjọ́ tí a ti bí wọn.

"Baba àwọn ọmọ, ẹ tọ́ ọ wò. Ẹ wo ibi tí mo máa ń lọ."

Baba mu díẹ̀. Ojú wọn fún pọ̀. "Áà! Ó mà korò o."

"Ẹ dúró ná. Ẹ má sọ̀rọ̀."

Baba dúró. A rí ojú wọn tó ń tú díẹ̀díẹ̀. "Ó... ó ń dùn bọ̀," ni wọ́n wí, "láti ẹ̀yìn wá."

Màmá di ọwọ́ wọn mú, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹsàn-án, wọ́n sùn, wọn kò jí mọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni wọ́n.

Wọ́n fi Baba sílẹ̀, tó jẹ́ pé ọwọ́ wọn ló kan pósí yìí, pákó lásán, láìfi fáníìṣì kàn án. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀: nọ́ọ̀sì, káfíńtà, àti abígbẹ̀yìn tó ń kọ́ni nílé ìwé. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ méje sílẹ̀, ọmọ-ọmọ-ọmọ kan, àti àbúrò méjì.

Màmá, iṣẹ́ tán, ẹ gbé ife kalẹ̀. Kí ilẹ̀ tẹ́ yín lára, kí ibi tí ẹ ń lọ dùn mọ́ yín. Ẹ sùn ire o.