Fódà Àjíkẹ́ Kọ̀, Kò Lọ

Ọjọ́ Ẹtì, Òṣogbo

Kọ̀ǹpútà olóògbé Bàámi kún fún fódà òfìfo. Káyọ̀dé àbúrò mi pè mí láti Iléṣà: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tẹ àṣẹ rm -r, ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ lọ.” Ọkàn mi ò gbà á, torí ìyẹn kì í wò ó bóyá nǹkan wà nínú fódà. rmdir ni mo tẹ̀. Èyí tó bá ṣófo nìkan ló máa ń pa rẹ́.

Gbogbo wọn lọ, àfi èyí tí Bàámi kọ Àjíkẹ́ sí. Kọ̀ǹpútà ní kò ṣófo. Mo wá fáìlì tó fara pamọ́ síbẹ̀, mo ṣí i.

Ohùn Bàámi ni. Wọ́n ń fi oríkì Àjíkẹ́ ki oyún mi tó bàjẹ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Àní Bàámi tó máa ń ní a kì í sọ ọmọ inú lórúkọ!

Obìnrin ni ọmọ náà lóòótọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.